Kí Ló Dé Tí Ìlú Fi Ń Gbóná Ju Oko Lọ?

Ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí ooru. Gbogbo wa la mọ ooru lára, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ló ti wọ̀n ọ́n rí. Lónìí a óò mọ ìdí tí ooru ìlú fi máa ń ju ti oko lọ, bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n, àti ohun tí a lè ṣe sí i.

1. Àríyànjiyàn inú ọkọ̀

Ẹ jẹ́ ká fetí sí àríyànjiyàn kan tó lè wáyé nínú ọkọ̀ èyíkéyìí tó bá ń ti Kútọnu bọ̀.

Ìyá kan lọ ta iṣu ní ọjà Dantokpa ní Kútọnu. Ó ń padà sí Bantè. Ó sọ fún awakọ̀ pé:

"Ọmọ mi, n kò lè gbé Kútọnu láéláé. Oorun kò kun ojú mi fún òru mẹ́ta. Yàrá tí mo sùn sí ń gbóná bí ààrò títí ilẹ̀ fi mọ́."

Awakọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní:

"Ìyá, ẹ má bínú o. Lójú tèmi, Savalou ló gbóná jù. Bí mo bá dé ibẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí ẹni pé wọ́n dáná sí mi lórí ni. Ní Kútọnu, atẹ́gùn òkun máa ń fẹ́ sí èèyàn lára."

Ìyá dá a lóhùn: "Ọ̀sán nìwọ ń sọ. Òru ni mo ń sọ ní tèmi."

Ta ló jàre nínú wọn? Àwọn méjèèjì ló jàre. Òkun kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè tutù. Nítorí náà, ọ̀sán Kútọnu kì í gbóná tó ọ̀sán Savalou nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n òru Kútọnu kì í tutù bí òru Bantè nígbà ọyẹ́.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn kò tíì dáhùn ìbéèrè wa. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni èyí: ẹ̀lòó ni ìlú fúnra rẹ̀ fi kún ooru? Bí a bá fi Kútọnu wé Bantè, a kò lè mọ̀ ọ́n, nítorí òkun wà nítòsí ọ̀kan, ó sì jìnnà sí èkejì. Ẹni tó fi abọ́ kékeré wọn gàrí tirẹ̀, tó wá fi abọ́ ńlá wọn ti ẹlòmíràn, kò lè sọ ẹni tí gàrí rẹ̀ pọ̀ jù.

Ọ̀nà tó tọ́ ni pé kí a fi ìlú kan wé oko tó yí i ká. Kí a fi àárín Kútọnu wé ẹ̀yìn Kútọnu. Kí a fi ọjà Savalou wé oko Savalou. Alẹ́ kan náà ni kó jẹ́, wákàtí kan náà ni kó sì jẹ́.

Ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ṣe é bẹ́ẹ̀, wọ́n rí i pé àárín ìlú gbóná ju ẹ̀yìn ìlú lọ, pàápàá lálẹ́. Àwọn onímọ̀ pe èyí ní erékùṣù ooru. Ẹ mọ̀ pé erékùṣù ni ilẹ̀ tí omi yí ká. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlú tó gbóná ṣe wà láàárín igbó àti oko tó tutù.

2. Ibi tí ooru ìlú ti ń wá

Oòrùn kan náà ló ń ràn sí ìlú àti oko. Kí ló wá fa ìyàtọ̀? Ohun mẹ́rin ni.

Èkíní, òkúta àti simẹ́ńtì. Ẹkùn Collines là ń gbé, ìyẹn ẹkùn olókè. Ẹni tó bá ti jókòó sórí àpáta nírọ̀lẹ́ mọ̀ pé oòrùn lè wọ̀ tán kí àpáta ṣì máa gbóná. Àpáta ti mu ooru láti àárọ̀, díẹ̀díẹ̀ ni yóò sì máa pọ̀ ọ́ jáde. Òkúta ààrò náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti pa iná. Ilé simẹ́ńtì, ilẹ̀ tí a fi simẹ́ńtì tẹ́ àti títì ọlọ́dà dà bí àpáta. Ìlú ńlá sì kún fún wọn. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ooru tí wọ́n mu lọ́sàn-án ni wọ́n ń pọ̀ sí wa lára lóru.

Páànù yàtọ̀ díẹ̀ ní tirẹ̀. Páànù fẹ́lẹ́, ó ń yára gbóná, ó sì ń yára tutù. Ọ̀sán ni ìyà páànù pọ̀ jù, pàápàá bí kò bá sí àjà lábẹ́ rẹ̀. Páànù tuntun tó ń kọ mọ̀nà máa ń dá ìtànṣán oòrùn padà ju páànù tó ti dípẹtà lọ.

Èkejì, àìsí igi. Kí ló dé tí omi inú àmù fi máa ń tutù ju omi inú ike lọ? Ara amọ̀ kò dí pátápátá. Omi ń yọ jáde lára àmù díẹ̀díẹ̀, ó ń gbẹ sínú afẹ́fẹ́. Bí omi yìí ti ń gbẹ ló ń gba ooru lọ́wọ́ àmù. Òógùn ara wa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: bó bá ń gbẹ, ara á tù wá. Igi dà bí àmù. Gbòǹgbò rẹ̀ ń fa omi láti inú ilẹ̀, ewé rẹ̀ ń tú omi náà sínú afẹ́fẹ́ láìjẹ́ pé a rí i, ooru sì ń dín kù. Igi tún ń fún wa ní ibòji, tí oòrùn kò fi ní lè dé ara ilẹ̀ àti ògiri. Ilẹ̀ tó tutù náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n bí a bá gé igi, tí a sì fi simẹ́ńtì bo gbogbo ilẹ̀, bí ẹni fọ́ àmù ìlú ni.

Ẹ̀kẹta, ilé tó fún mọ́ra. Lálẹ́, ilẹ̀ máa ń tú ooru rẹ̀ sókè sí ojú ọ̀run. Nínú oko, ojú ọ̀run ṣí sílẹ̀ gbayawu, ooru á sì lọ. Ní àdúgbò tí ilé ti fún mọ́ra, ooru tí ògiri kan bá tú jáde, ògiri kejì á gbà á. Atẹ́gùn kì í sì í ríbi kọjá dáadáa. Ó dà bí ìkòkò tí a de ìdérí lé.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀rọ àti iná. Mọ́tò, alùpùpù, jẹnẹrétọ̀ àti iná ìdáná ń tú ooru sí ìgboro. Ẹ̀rọ amúlétutù kì í pa ooru run. Ńṣe ló ń kó o kúrò nínú yàrá, tó sì ń dà á síta. Ó tu ẹni tó wà nínú lára, ó sì da ooru sí ẹni tó wà lóde.

3. Bí àwọn tó ṣáájú ṣe wọ̀n ọ́n

Ara lè tan èèyàn jẹ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí ààrò á ní ìta tutù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ igi máńgòrò á ní ìta kan náà gbóná. Ohun ìwọn ooru, tí a ń pè ní tẹmómítà, kì í ṣe ojúsàájú. Dígíríì ni a fi ń ka ohun tó bá sọ. Omi tó ń di yìnyín wà ní dígíríì 0. Omi tó ń hó wà ní dígíríì 100. Ara ẹni tí àìsàn kò ṣe wà ní nǹkan bí dígíríì 37.

Ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ pé ó kọ́kọ́ wọn ooru ìlú ńlá dáadáa ni Luke Howard, apòògùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ràn láti máa wo ojú ọjọ́, òun náà ló sì fún àwọsánmà ní àwọn orúkọ tí àwọn onímọ̀ ṣì ń lò. Ó ń ka tẹmómítà rẹ̀ lẹ́yìn ìlú lójoojúmọ́, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì ń fi í wé èyí tí àwọn mìíràn kà láàárín ìlú. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe é. Ìwé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1818. Ó rí i pé lálẹ́, àárín Lọ́ńdọ̀nù fi nǹkan bí dígíríì 2 gbóná ju ẹ̀yìn ìlú lọ. Lọ́sàn-án, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìyàtọ̀.

Ẹ kíyè sí i: òru ni ìyàtọ̀ náà ti hàn. Ohun tí ìyá oníṣu wa sọ nínú ọkọ̀ nìyẹn.

Àwọn kan rò pé ìlú ńlá nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní 1973, T. R. Oke, onímọ̀ ojú ọjọ́ kan ní Kánádà, kọ nípa ìwọ̀n tí wọ́n mú ní ibùgbé ńlá àti kékeré. Mọ́tò tí wọ́n so ohun ìwọn mọ́ ni wọ́n fi rìn láti ẹ̀yìn ìlú wọ inú ìlú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti abúlé tó ní nǹkan bí 1,000 èèyàn títí dé ìlú Montreal tó ní nǹkan bí 2,000,000. Ní alẹ́ tí ojú ọ̀run mọ́, tí atẹ́gùn kò fẹ́, ìyàtọ̀ tó wà ní abúlé tó dígíríì 2 tàbí 3. Ti Montreal lè tó nǹkan bí dígíríì 12. Ìlú ilẹ̀ olóoru bíi tiwa kì í sábà ní ìyàtọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà ṣe kedere: ìlú kékeré náà ní ooru tirẹ̀, bí ìlú bá sì ti ń dàgbà ni ooru rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Ní ilẹ̀ Yorùbá ńkọ́? Ọ̀jọ̀gbọ́n J. S. Oguntoyinbo ti Yunifásítì Ìbàdàn wọn bí igbó, ohun ọ̀gbìn àti ojú ilẹ̀ inú ìlú ṣe ń dá ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà ní Nàìjíríà. Ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1970. Iṣẹ́ yìí ṣe pàtàkì, nítorí ìmọ́lẹ̀ tí ilẹ̀ kò bá dá padà ni yóò di ooru.

Lẹ́yìn náà, láti 2008 sí 2009, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ gbé ohun ìwọn sí àárín ìlú Àkúrẹ́ àti sí ẹ̀yìn ìlú. Àwọn ohun ìwọn méjèèjì ń ka ooru lásìkò kan náà, tọ̀sán tòru. Ní 2012 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Wọ́n rí i pé kò pẹ́ tí oòrùn bá ti wọ̀ ni àárín ìlú ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná ju ẹ̀yìn ìlú lọ. Ní alẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìyàtọ̀ náà tó nǹkan bí dígíríì 4.

Dígíríì 4 lè dà bí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ wo ara wa: bí ara ọmọ bá kúrò ní 37 tó di 39, kí ni à ń ṣe? À ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ni. Nínú ọ̀rọ̀ ooru, nọ́ńbà kékeré kì í ṣe nǹkan kékeré.

4. Nọ́ńbà tí a ń gbọ́ lórí rédíò

Ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn ibùdó ńlá mẹ́fà ló wà tí wọ́n ti ń wọn ojú ọjọ́: Kútọnu, Bohicon, Savè, Parakou, Natitingou àti Kandi. Ti Savè ló wà nínú ẹkùn wa. Nínú àpótí funfun tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ni wọ́n ń fi tẹmómítà sí, ní ibi tó tẹ́jú, tó sì jìnnà sí ògiri. Ti Kútọnu wà ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, nítòsí òkun.

Nítorí náà, bí rédíò bá sọ pé Kútọnu wà ní dígíríì 28 lóru, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n pápá gbalasa nìyẹn. Yàrá tí ìyá oníṣu sùn sí, láàárín ilé tó fún mọ́ra, lè gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Kò sí ẹni tó wọ̀n ọ́n níbẹ̀.

Àwọn sátẹ́láìtì tó ń yí ayé po náà ń wọn ooru láti òkè. Ohun tí wọ́n ń wọ̀n ni ooru orí páànù, orí títì àti orí ewé. Kì í ṣe afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú ni wọ́n ń wọ̀n. Ní ọ̀sán, páànù lè gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí a kò ní lè fọwọ́ kàn án, kí afẹ́fẹ́ má sì gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ máa béèrè pé: ooru kí ni wọ́n wọ̀n, níbo, ní aago mélòó?

5. Bí àwa náà ṣe lè wọ̀n ọ́n

Kíláàsì wa lè ṣe iṣẹ́ yìí. Tẹmómítà méjì tí a fi ń wọn ooru afẹ́fẹ́, ìwé kan, bírò kan àti aago méjì ni a nílò. Tẹmómítà tí wọ́n fi ń wọn ara aláìsàn kò dára fún un.

Ẹ tẹ̀ lé ìlànà yìí:

Kìíní: Ẹ kọ́kọ́ gbé tẹmómítà méjèèjì sí ojú kan fún wákàtí kan. Bí ọ̀kan bá ka 27, tí èkejì ka 28, ẹ kọ ìyàtọ̀ yẹn sílẹ̀, kí ẹ lè yọ ọ́ kúrò nígbẹ̀yìn.

Kejì: Ẹ yan ibi méjì. Kí ọ̀kan wà láàárín ìlú, bóyá nítòsí ọjà. Kí èkejì wà ní oko, lẹ́yìn ìlú. Kí ibi méjèèjì má ṣe wà lórí òkè, kí wọ́n má sì wà létí odò.

Kẹta: Ẹ so tẹmómítà rọ̀ ní gíga àyà èèyàn. Kó má fara kan ògiri. Kó má wà nítòsí ààrò tàbí ẹ̀rọ. Oòrùn kò gbọdọ̀ ràn sí i lára.

Kẹrin: Ẹ kà á ní aago kan náà, fún àpẹẹrẹ aago mẹ́sàn-án alẹ́. Bí ẹnì kan bá kà á ní aago méje, tí ẹnì kejì kà á ní aago mẹ́wàá, iṣẹ́ náà ti bàjẹ́, nítorí ooru ń yí padà bí alẹ́ ti ń lọ.

Karùn-ún: Ẹ kọ ọjọ́, aago, ibi àti nọ́ńbà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ kọ ọ́ bóyá òjò rọ̀, bóyá atẹ́gùn fẹ́, bóyá ojú ọ̀run mọ́. Ẹ má ṣe sọ pé ẹ óò rántí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kan ṣe àpẹẹrẹ. A kò tíì wọn àwọn nọ́ńbà yìí níbì kankan o, fún ìdánrawò ni. Ká ní ohun tí a kọ sílẹ̀ nìyí:

Ọjọ́ Ajé: ọjà 29, oko 26. Ìyàtọ̀: 3.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: ọjà 28, oko 26. Ìyàtọ̀: 2.
Ọjọ́rú: ọjà 30, oko 26. Ìyàtọ̀: 4.
Ọjọ́bọ̀: òjò rọ̀. Ọjà 24, oko 24. Ìyàtọ̀: 0.
Ọjọ́ Ẹtì: ọjà 29, oko 26. Ìyàtọ̀: 3.

Ẹ ro ìyàtọ̀ náà pọ̀: 3 + 2 + 4 + 0 + 3 = 12. Ẹ pín 12 sí ọ̀nà 5. Ó jẹ́ 2.4.

Ẹnì kan lè sọ pé kí a fi ọjọ́ òjò pamọ́, kí nọ́ńbà wa lè pọ̀. Rárá o. Òdo tó wà ní Ọjọ́bọ̀ kọ́ wa ní nǹkan. Ó sọ pé òjò àti ìkùukùu máa ń pa ìyàtọ̀ ìlú àti oko rẹ́. Ẹni tó ń wọn nǹkan ń kọ ohun tó rí ni, kì í kọ ohun tó fẹ́ rí. Alẹ́ ẹyọ kan kò sì tó. Ó yẹ kí a wọ̀n ọ́n fún ọ̀pọ̀ alẹ́, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti nígbà òjò.

6. Ewu tó wà nínú rẹ̀

Àwọn kan á ní: "Ooru ti wà látayébáyé. Kí ni à ń wọ̀n ọ́n sí?" Ìdí ni pé ooru ń pa èèyàn.

Lọ́sàn-án, ara wa ń bá ooru jà. Ó ń làágùn, ọkàn wa sì ń sáré láti fa ẹ̀jẹ̀ sí ojú ara. Òru ló yẹ kí ara sinmi. Bí òru kò bá tutù, ara kò ní rí ìsinmi, àárẹ̀ á sì kún àárẹ̀. Àwọn tó wà nínú ewu jù ni àwọn àgbàlagbà, ìkókó, aboyún, àwọn tó ní àìsàn ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003, ooru mú ní ilẹ̀ Faransé. Nǹkan bí 15,000 èèyàn ló kú. Àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú wọn, ọ̀pọ̀ ló sì ń dá gbé nínú ilé tí òru rẹ̀ kò tutù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin ọdún 2024, ooru dé 48.5 ní ìlú Kayes ní ilẹ̀ Málì. Ní Bamako, ilé ìwòsàn ńlá kan kéde pé èèyàn 102 kú lọ́dọ̀ àwọn láàárín ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ oṣù náà, tí ọ̀pọ̀ wọn sì lé ní 60 ọdún. Gbogbo àgbègbè ni ooru náà mú, kì í ṣe ìlú nìkan. Ṣùgbọ́n nígbà tí irú ooru bẹ́ẹ̀ bá dé, ìlú tí kò ní igi á tún fi tirẹ̀ kún un.

Ẹ mọ àwọn àmì yìí: orí fífọ́, òòyì, èébì, kí ara gbóná gan-an, kí ẹni náà máa sọ ìsọkúsọ. Bí ẹ bá rí i, ẹ gbé e sí ibòji. Ẹ tú aṣọ rẹ̀. Ẹ fi aṣọ tó tutù nù ún lára, kí ẹ sì máa fẹ́ ẹ. Bí ojú rẹ̀ bá là, ẹ fún un ní omi díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ti dákú, ẹ má fi omi sí i lẹ́nu. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

7. Kí la lè ṣe?

Èèyàn ló kọ́ ìlú, èèyàn sì lè mú kó tutù.

Bí a bá ń kọ́ ilé, ẹ jẹ́ ká fi igi tó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni máńgòrò fi ń dàgbà, wákàtí kan ni a fi ń gé e. Láti 1985, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ni Ọjọ́ Igi ní orílẹ̀-èdè Benin. Ẹ jẹ́ ká gbin igi lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kí a tún bomi rin ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e. Igi tí a gbìn tí ewúrẹ́ jẹ kò ṣe ìlú ní nǹkan kan. Igi kan kò sì lè dá igbó ṣe: bí agbolé kọ̀ọ̀kan bá gbin tirẹ̀, àdúgbò á tutù.

Kí a má fi simẹ́ńtì bo gbogbo àgbàlá. Kí a ṣe fèrèsé sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yàrá, kí atẹ́gùn lè wọlé níhìn-ín kó sì jáde lọ́hùn-ún. Kí a fi àjà sábẹ́ páànù. Ẹni tó bá lágbára lè kun òrùlé rẹ̀ ní funfun.

Ìlú mìíràn ní Áfíríkà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2021, ìlú Freetown ní Siẹra Léónè yan obìnrin kan, Eugenia Kargbo, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá tí yóò máa bójú tó ọ̀ràn ooru. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ yan sí irú ipò bẹ́ẹ̀ ní Áfíríkà. Lára ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi ìbòrí bo àwọn ọjà mélòó kan, kí oòrùn má baà máa pa àwọn obìnrin tó ń tajà níta.

Savalou àti Bantè kò tíì tó Kútọnu, tó ní èèyàn tó lé ní 670,000 nígbà ìkànìyàn ọdún 2013. Àǹfààní wa nìyẹn. Ó ṣòro láti wá àyè fún igi níbi tí ilé ti kún, ṣùgbọ́n kò ṣòro láti dá igi sí níbi tí ìlú ṣì ń dàgbà.

Níkẹyìn, ẹ má fojú kékeré wo ìwé tí ẹ kọ nọ́ńbà sí. Bí a bá lọ sọ fún àwọn aláṣẹ kọmúùnù pé "ọjà wa gbóná", wọ́n á ní gbogbo ibi ló gbóná. Ṣùgbọ́n bí a bá ní, "Ẹ wò ó, a wọ̀n ọ́n fún alẹ́ 30. Báyìí ni ọjà ṣe fi gbóná ju oko lọ. Ibí yìí la fẹ́ kí a gbin igi sí," wọn á fetí sílẹ̀. Luke Howard kò ní agbára ìjọba lọ́wọ́. Ó mọ̀ ọ́n kọ, ó mọ̀ ọ́n kà, ó sì ń kọ ọ́ lójoojúmọ́. Àwa náà ti ń mọ̀ ọ́n kọ báyìí.

Ọ̀rọ̀ tuntun

Erékùṣù ooru: ìlú tó gbóná ju oko tó yí i ká lọ.
Dígíríì: ohun tí a fi ń ka ìwọ̀n ooru.
Tẹmómítà: ohun ìwọn ooru.
Ìtànṣán: ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ara oòrùn wá.
Ibùdó ojú ọjọ́: ibi tí wọ́n ti ń wọn ooru, òjò àti atẹ́gùn.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí a kò lè fi Kútọnu wé Bantè bí a bá fẹ́ mọ ooru tí ìlú fi kún un?
2. Ọ̀nà wo ni igi gbà dà bí àmù?
3. Ìgbà wo ni ìyàtọ̀ ìlú àti oko máa ń pọ̀ jù, lọ́sàn-án ni tàbí lálẹ́? Kí ló fà á?
4. Nínú ìṣirò wa, bí a bá yọ Ọjọ́bọ̀ kúrò, ẹ̀lòó ni yóò kù bí a bá pín in? Kí ló dé tí kò fi yẹ ká yọ ọ́?
5. Ẹ dárúkọ ibi kan ní ìlú yín tó ń gbóná jù lálẹ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ rò pé ó fà á, kí ẹ sì sọ bí ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n.